Ta Ni Aṣọ Rẹ̀ Mọ́ Níbi Iṣẹ́ Yín?

Sáfíyà, ọmọ mi,

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ yé mi, mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Koussountou, mo ń wo ọkùnrin kan tó wọ agbádá funfun láàárín àwọn tó ń po amọ̀. Ẹrẹ̀ ti bo àwọn yòókù dé orúnkún. Àwọn kan ń fi ẹsẹ̀ gún amọ̀, àwọn kan ń ṣù ú, àwọn kan sì ń jù ú sókè fún ẹni tó jókòó lórí ògiri. Ọkùnrin yìí nìkan ni kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, ó ń kí wọn, ó ń bu omi fún wọn, wọ́n sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹnì kan ké sí i láti orí ògiri pé, "Bàbá Sùlé, ṣé ẹ fẹ́ gba ibí lọ sí Mẹ́kà ni?" Òmíràn ní, "Ẹ rọra jù ú o, ẹ má fi ẹrẹ̀ kan ìyàwó tuntun." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó tún lọ bu omi wá.

Mo bi obìnrin tó mú mi dání pé, "Ìyá, ta ni ọ̀lẹ yẹn?"

Ìyá Àwáwù ni obìnrin náà, ilé rẹ̀ ni mo dé sí ní Kambolé nígbà yẹn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di apá mi mú. Ó ní, "Òun ló nilé, Ràmátù. Òun ló bẹ̀ wọ́n."

Ojú mi là. Mo rántí ibi iṣẹ́ tiwa, níbi tí àwa àlejò ti ń kọ́ ilé ìgbẹ̀bí fún àwọn ará Kambolé. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹrẹ̀ bo gbogbo wa. Kò sí ẹnì kankan tí aṣọ rẹ̀ mọ́.

Mo ti gbọ́ ohun tí o sọ ránṣẹ́ lórí tẹlifóònù. Mo gbọ́ ọ, mo tún gbọ́ ọ, mo sì jẹ́ kí bàbá rẹ náà gbọ́ ọ nígbà tó ti oko iṣu dé. O ní láti ìgbà tí ẹ ti dé abúlé yẹn ní Madagásíkà, ẹ ń gbẹ́ ilẹ̀, ẹ ń ru òkúta, ẹ ń kọ́ ilé ìwé fún àwọn ọmọ wọn, àwọn onílé sì jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń wò yín. Bí ẹ bá kọjá, wọ́n á kí yín dáadáa, wọ́n á tún jókòó. Ohùn rẹ rọ̀ níbi tí o ti sọ pé, "Màmá, wọn ò fẹ́ ilé náà. Ọkọ̀ máa wá lọ́jọ́ Sátidé, màá bá a padà. Mo ń bọ̀ nílé."

Mi ò ní ní kí o dúró. Mi ò sì ní ní kí o máa bọ̀. Ìwọ lo wà níbẹ̀, èmi kò sí níbẹ̀. Àmọ́ kí ọkọ̀ yẹn tó dé, mo fẹ́ kí o mọ bí tèmi ṣe rí, torí pé ọ̀rọ̀ tí o sọ yẹn, èmi náà ti sọ ọ́ rí. Faransé ni mo fi sọ ọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Mo ń kọ èyí ní Yorùbá, mo sì mọ̀ pé o máa rẹ́rìn-ín. Ìwọ lo kọ́ mi ní èyí tó pọ̀ jù nínú èdè yìí, nígbà tí o wà ní kékeré, tí o máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ní Tchamba tí o á ní, "Màmá, a kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀." Ó wù mí kí n fi í bá ọ sọ̀rọ̀ tó gùn lẹ́ẹ̀kan. Bí o bá rí ibi tí mo ti ṣì í kọ, rọ́jú kà á tán ná, lẹ́yìn náà kí o wá bá mi jà.

O mọ̀ pé Komah ní Sokodé ni wọ́n bí mi sí, nílé bàbá mi tó ń ta aṣọ, tí àwọn èèyàn rẹ̀ ti Nàìjíríà wá. O mọ̀ pé ọmọ Kambolé ni ìyá mi. Mo kéré púpọ̀ nígbà tí wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ilẹ̀ Faransé, ibẹ̀ ni mo sì ti kàwé. Díẹ̀díẹ̀ ni Yorùbá tán lẹ́nu mi. Nígbà tí mo fi máa dàgbà, ọ̀rọ̀ ìkíni àti ọ̀rọ̀ ìbáwí nìkan ló kù, torí ìyẹn nìkan ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi ń bá wa sọ̀rọ̀: "Jókòó. Dákẹ́. Ṣé orí rẹ pé?" Ohun tí mo gbé dé Kambolé nìyẹn nígbà tí èmi àti àwọn ọ̀dọ́ kan yọ̀ǹda ara wa láti wá kọ́ ilé ìgbẹ̀bí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn. Bí mo bá fẹ́ yin èèyàn, tí mo ń wá ọ̀rọ̀, ohun tó máa ń bọ́ lẹ́nu mi ni, "Ṣé orí rẹ pé?" Àwọn ìyá á dáhùn pé, "Ó pé, ọmọ mi. Tìẹ ńkọ́?"

Olórí wa ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bùrúnò, èèyàn rere ni. Ó gbà pé bí àwa fúnra wa bá ti bọ́ sẹ́nu iṣẹ́, àwọn ará ìlú á rí wa, wọ́n á sì dara pọ̀ mọ́ wa. A bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n rí wa. Wọn ò dara pọ̀.

Ohun tó rú mi lójú jù ni pé bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ kára sí i ni wọ́n ń jìnnà sí wa sí i. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ pọnmi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáńtíyé wa, ibi tí a ti ń kọ́lé, gan-an. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin fi pa ọ̀nà náà tì, wọ́n ń gba inú igbó yí ká pẹ̀lú omi lórí. Bùrúnò ní bóyá ariwo wa ló ń lé wọn. Ẹnì kan nínú wa ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Èmi ní wọn ò fẹ́ ilé náà.

Ẹ̀rù sì ń bà wá, torí pé bíríkì amọ̀ tí a kò sun ni ògiri wa. Bí òjò bá bá a láìsí páànù lórí, á tún padà di ilẹ̀. Ọwọ́ tiwa nìkan kò lè parí rẹ̀ kí òjò tó dé, ojú ọ̀run sì ti ń ṣú nírọ̀lẹ́ nírọ̀lẹ́. Ẹgbẹ́ wa ti ń sọ ọ́ láàárín ara wọn pé kí a kó ẹrù wa kí a máa lọ. Àárín ọ̀rọ̀ yìí ni Ìyá Àwáwù ti mú mi lọ kí èèyàn rẹ̀ kan lọ́nà Koussountou, tí mo fi rí Bàbá Sùlé pẹ̀lú agbádá rẹ̀.

Bí a ṣe ń padà bọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè, n kò jẹ́ kó sinmi.

Mo ní, "Ìyá, kí ló dé tí ẹ̀yin obìnrin kò gba ọ̀dọ̀ wa kọjá mọ́?"

Ó ní, "Ojú ń tì wá."

"Ojú ń tì yín? Àwa ni ojú yẹ kó tì."

"Àlejò wa ń ru amọ̀. Ṣé kí n dúró kí n máa wò ọ́ ni? Bí mo bá dúró, mo di ẹni tí àlejò ń làágùn níwájú rẹ̀. Bí mo bá sì wọlé wá bá yín rù ú, ta ló bẹ̀ mí?"

"Bùrúnò sọ ọ́ níbi ìpàdé pé kí gbogbo èèyàn wá."

"Ó sọ ọ́ fún ìpàdé. Kò sọ ọ́ fún mi. Ṣé ibi ìpàdé ni wọ́n ti ń bẹ ọ̀wẹ̀?"

O mọ ọ̀wẹ̀, ìwọ ti dàgbà sínú rẹ̀, o ti gbé oúnjẹ ọ̀wẹ̀ lọ sóko bàbá rẹ. Àmọ́ ronú sí ẹni tí kò rí i rí. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé á wọ aṣọ tó mọ́ lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, á máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, á bẹ̀rẹ̀ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, agbára mi ò ká a, ẹ bá mi ṣe é." Lọ́jọ́ iṣẹ́, á tún wọ aṣọ tó mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi lókè òkun á ní ó ń fi ara pamọ́ fún iṣẹ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ wà lọ́tọ̀ ni. Tirẹ̀ ni pé kí ó jẹ́ ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún, kí ó dúró síbi tí gbogbo wọn ti lè rí i, kí wọ́n lè bú u, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n máa pè nígbà tó bá kan tiwọn. Bàbá Sùlé kò ní lè sọ láéláé pé òun kò rí ẹni tó fi amọ̀ sórí ògiri òun.

Mo sọ ọ́ fún Bùrúnò. Ó gbọ́ ọ dáadáa, ó ní ó dára, àwọn onílùú ló nilé, kí wọ́n yan ẹnì kan tó máa bẹ̀. A lọ bá àwọn àgbà. Àwọn àgbà ní, "Ilé yín ni. Ẹ̀yin lẹ gbé e wá." Bùrúnò ní, "Rárá, tiyín ni." Wọ́n ń tì í síra wọn bí ẹran tó kẹ́yìn nínú abọ́, olúkúlùkù ń ní kí ẹnì kejì mú un. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń bù fún ara wọn, ojú ọ̀run sì ń ṣú.

Ọ̀dọ́kùnrin kan wà níbi ìkángun ẹní, àgbẹ̀ ni, kò tíì sọ̀rọ̀ látàárọ̀. Ó ní, "Bó bá jẹ́ ti gbogbo wa, ta la máa bú bí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá wọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ní, "Ìdírísù, ìwọ ńkọ́? A ti mọ bí a ṣe ń bú ọ."

Ìdírísù ní, "Èmi ní ilé tèmi tí mò ń jẹ èébú rẹ̀." Ó wá yíjú sí mi. "Ràmátù yìí ńkọ́? Ọmọ ibí ni ìyá rẹ̀. A lè bú u."

Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá rẹ ni. Bí mo ṣe kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ nìyẹn, ó ń wá ẹni tí ìlú lè bú. Àwọn àgbà wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Olórí wọn ní, "Ìyá rẹ̀ náà gbọ́ èébú dáadáa kó tó lọ sílé ọkọ." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ìyá Àwáwù yá mi ní ìró funfun kan àti ìborùn, ó sì kọ́ mi ní ohun tí màá sọ. Mo ń wí i lẹ́nu títí dé ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́, nígbà tí mo kúnlẹ̀ tán, ó fò lọ. Ó ku "ẹ jọ̀ọ́" nìkan. Mo wí "ẹ jọ̀ọ́" títí baálé ilé náà fi ní, "Kí ni, ọmọ mi? Ṣé ebi ń pa ọ́ ni?" Àwọn ọmọ ilé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà sì padà. Mo ní, "Mo fẹ́ kọ́lé. Agbára mi ò ká a." Bí mo ṣe sọ "mo fẹ́ kọ́lé" báyìí, Sáfíyà, ara mi yí padà. Kí ó tó dìgbà yẹn, mo ti máa ń sọ pé a wá kọ́lé fún yín.

Mo dé ọ̀dọ̀ Bàbá Sùlé náà. Ó jẹ́ kí n kúnlẹ̀, ó jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán, ó wá ní, "N kò gbọ́. Tún un bẹ̀." Mo tún un bẹ̀. Ó ní, "Èyí sàn díẹ̀."

Lẹ́yìn gbogbo wọn, mo lọ bẹ Bùrúnò àti àwọn ẹgbẹ́ mi. Bùrúnò kọ́kọ́ rò pé mò ń ṣeré. Nígbà tó rí i pé mo dúró níwájú òun pẹ̀lú ìborùn, ó ní, "Màá wá." Láti ọjọ́ yẹn ni ẹnikẹ́ni kò tún pè é ní àlejò níbi amọ̀. Ẹni tí wọ́n bẹ ní ọ̀wẹ̀ ni òun náà.

Àwọn èèyàn wá lọ́jọ́ tí a dá, ó kọjá bí mo ṣe rò. Àwọn ará Kambolé wá, àwọn ará ọ̀nà Koussountou wá, àwọn Tem tó ń gbé nítòsí náà wá, torí pé Ìyá Àwáwù ti bá mi fi èdè wọn bẹ̀ wọ́n. Àwọn obìnrin gba ọ̀nà omi wọn padà, omi tí wọ́n rù gba ibẹ̀ sì ni wọ́n fi ń po amọ̀. Èmi dúró láàárín pẹ̀lú aṣọ funfun. Kò sí iṣẹ́ tó le tó o. Ọwọ́ ń yún mi. Mo rí ìyá àgbàlagbà kan tó ru agbada amọ̀, n kò lè mú un mọ́ra, mo sáré gbà á lórí rẹ̀.

Gbogbo wọn dúró. Ẹni tó wà lórí ògiri dúró. Bàbá Sùlé bọ́ síwájú, ó ní, "Ṣé a ò tó ọ ni?"

Mo gbé agbada náà padà fún ìyá náà. Ó gbà á, ó sì fi ọwọ́ tó kún fún amọ̀ nù mí lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó ní, "Ṣé orí rẹ pé?" Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ mi kiri ìlú.

Kí wọ́n tó lọ lọ́jọ́ náà, kò sí ibi tó funfun lára ìró Ìyá Àwáwù mọ́. Páànù dé orí ilé náà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Mo padà sí ilẹ̀ Faransé, mo rò pé ó ti parí. Ní àárín òjò, Ìdírísù pè mí. Ó kí mi, ó béèrè àlàáfíà gbogbo ilé, ó wá ní, "Ràmátù, ilé rẹ ń jò." Mo rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó tún pè lẹ́yìn ìyẹn pé àgbò kan ti fi ìwo gún ilẹ̀kùn mi, kí ni mo fẹ́ kí àwọn ṣe. Ó tún pè. Mo bá fi ìsinmi wá wo ilé mi. A tún un ṣe, òun ló di àkàbà mú. Ìyókù, o mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo fi bí ọ nínú ilé náà, agbẹ̀bí fi ọ́ lé mi láyà, àwọn obìnrin tó wà níta ní, "Onílé ti wá sùn nílé rẹ̀."

Ìmọ̀ràn ló yẹ kí lẹ́tà yìí jẹ́. Mo fẹ́ tò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe.

Èkíní, má fi orúkọ pe ìjókòó ẹni tó jókòó títí wàá fi mọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń pè é. Àwa pè é ní ọ̀lẹ, ìtìjú ni. Lọ́dọ̀ tiyín, bóyá ìtìjú náà ni. Bóyá kì í ṣe òun rárá. Ó lè jẹ́ pé wọ́n wá jókòó kí ẹ má baà dá nìkan wà nínú oòrùn. Ó lè jẹ́ pé ọjọ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ilẹ̀ níbẹ̀, tí ẹ̀yin ń fọwọ́ kàn án. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ń dúró de ẹnì kan tó rìnrìn àjò. Ní tòótọ́, mo fẹ́ mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ohùn rẹ ni mo ti ń rò ó bí mo ṣe ń rìn lọ sí ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni. Irú igi wo ni? Àwọn wo ló ń jókòó sábẹ́ rẹ̀, ṣé àwọn kan náà ni lójoojúmọ́? Ṣé wọ́n ń kọjú sí yín ni àbí wọ́n ń kọ̀yìn? Ṣé àwọn obìnrin wà níbẹ̀? Ọ̀nà wo ni wọ́n ń gbà lọ pọnmi?

Ìkejì, má béèrè níbi ìpàdé. Níbi ìpàdé, ìdáhùn tó máa dùn mọ́ àlejò ni wọ́n á fún ọ. Wá ẹnì kan tí ẹ jọ máa rìn, obìnrin tó bá lè bá ọ rẹ́rìn-ín ló dáa jù, kí ẹ máa lọ sí ibi tí kò kan iṣẹ́ yín. Ọ̀nà ibòmíràn ni mo wà nígbà tí ibi iṣẹ́ tiwa yé mi.

Ìkẹta, béèrè ẹni tó nilé. Má béèrè ẹni tí ilé náà wà fún, torí gbogbo èèyàn ni wọ́n á dárúkọ. Béèrè ẹni tí wọ́n máa bú bí kò bá dára. Wo ẹni tí aṣọ rẹ̀ mọ́. Bí kò bá sí, wádìí ohun tó fà á.

Má tìtorí pé mo kúnlẹ̀ ní Kambolé kí o lọ kúnlẹ̀ ní abúlé yẹn, ọmọ mi. Ohun tó ṣílẹ̀kùn fún mi lè jẹ́ èébú lọ́dọ̀ wọn. Ìyá tó bí mi ló jẹ́ kí wọ́n lè bú mi. Ìwọ kò ní ìyá níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹlòmíràn ló yẹ kó bẹ̀, tí iṣẹ́ tìẹ á sì jẹ́ pé kí o dúró kí wọ́n wá bẹ̀ ọ́. Ìyẹn náà le fún ẹni tí ara rẹ̀ yá gágá bíi tìẹ.

Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá, jẹ ẹ́. Má ní o ti yó. Bí ẹnì kan bá fẹ́ gba ẹrù lórí rẹ, jẹ́ kó gbà á. Àwa tí a ń lọ ran èèyàn lọ́wọ́, a kì í sábà fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ràn wá lọ́wọ́, bí ẹni pé ìyẹn á ba iṣẹ́ jẹ́. Mo rò pé òun gan-an ni iṣẹ́ náà, àmọ́ kò dá mi lójú tán. Wò ó níbẹ̀ kí o sọ fún mi.

Mi ò mọ iye tí mo ti kà dé mọ́. Bàbá rẹ ní kí n fi kún un pé kí o má fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Mo ní o ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ó ní kí n ṣáà kọ ọ́. Ó tún ní bí o bá fẹ́ máa bọ̀, kí o máa bọ̀, iṣu tuntun ò ní pẹ́ jáde, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ léèrè. Òtítọ́ ni. Bí o bá wọ ọkọ̀ Sátidé, a ó wá pàdé rẹ ní Sokodé, inú wa á sì dùn.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ kí o bá mi rò. Lẹ́yìn Jímọ̀ tó kọjá, àwọn àgbà Kambolé gun alùpùpù wá sílé wa ní Tchamba. Bàbá Sùlé wà pẹ̀lú wọn, ó ti ń fi ọ̀pá rìn. Wọ́n jókòó, wọ́n mu omi, wọ́n ní, "Ràmátù, páànù ilé rẹ ti gbó." Wọ́n ní ó ti ń jò sórí àwọn aláboyún, igi òrùlé ti jẹ, a ní láti ṣí gbogbo rẹ̀ kí a tún un ṣe kí òjò tó dé. Wọ́n wá gbọ́ ọjọ́ tí màá wá bẹ ọ̀wẹ̀.

Ó yẹ kí n dáhùn lójú ẹsẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó ná. Mo ń gbé ní Tchamba báyìí, mo sì máa ń pẹ́ ní Sokodé nídìí ìyá mi. Bí mi ò bá sí nílé, ilẹ̀kùn tó wọ́ á wà bẹ́ẹ̀ títí màá fi dé, torí pé agbẹ̀bí kò ní fọwọ́ kàn án kó tó sọ fún onílé. Èmi nìkan ni wọ́n lè bú lórí rẹ̀. Bí mo bá tún wọ aṣọ funfun yẹn, ilé náà á tún jẹ́ tèmi, á sì máa dúró dè mí. Bí mi ò bá sì wọ̀ ọ́, ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má tún bẹ̀rẹ̀ sí í tì í síra wọn títí òjò á fi dé.

Bàbá rẹ ní ilé tí mo fẹnu mi bẹ̀, n kò lè jù ú sílẹ̀. Ìyá Àwáwù ránṣẹ́ láti ibi tó jókòó sí nílé rẹ̀ pé, "Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ti dàgbà. Kí ọ̀kan nínú wọn wá bẹ̀ wá." N kò sọ ọ̀rọ̀ Sátidé fún un. N kò sì kọ èyí láti fi fà ọ́ wálé, n kò kọ ọ́ láti fi tì ọ́ síbẹ̀. Ẹ pọ̀ tí wọ́n bí síbẹ̀, ó lè jẹ́ ẹlòmíràn.

Ìwọ lo wà níbi tí kò tíì sí ẹni tó ni ilé tí ẹ ń kọ́. O ń rí ohun tí èmi ti gbàgbé bó ṣe máa ń rí. Torí náà gbà mí nímọ̀ràn, kí òjò tó dé, ibi yòówù kí o wà nígbà náà: ṣé kí n tún wọ aṣọ funfun náà fúnra mi, àbí kí n wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, láti lọ bẹ ẹlòmíràn pé kí ó gbà á lọ́wọ́ mi? Bó bá sì jẹ́ ẹlòmíràn, ta ni ìwọ rò pé Kambolé lè bú?

Èmi ni,
Ràmátù ìyá rẹ.